Romeo àti Juliet: Kí ló pa àwọn ọmọ méjèèjì yìí gan-an?

Níbi ìgbéyàwó kan tí mo lọ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, alága ìjókòó gba máíkì, ó ní kí ọkọ àti ìyàwó kúnlẹ̀ kí wọ́n gba àdúrà. Ó wúre, ó wúre, àdúrà ń lọ geerege, àfi ìgbà tó dé orí èyí: "Ìfẹ́ yín á dà bí ìfẹ́ Romeo àti Juliet!" Gbogbo àwa tá a jókòó lábẹ́ kánópì pariwo "Àmín!" Èmi náà ṣe é. Ẹnu mi ti pa dé kó tó wá sí mi lọ́kàn pé a ò mọ ohun tá a ṣe àmín sí. Ọjọ́ Ajé ni Romeo àti Juliet fẹ́ra wọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó tán, àwọn méjèèjì ti kú.

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ orúkọ wọn tí a ò mọ ìtàn wọn. Ọmọkùnrin tó bá ń lé obìnrin kiri, a á ní "Romeo ni." Tó bá ti di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, orúkọ wọn á kún ojú fóònù. Àwọn tó kà á nílé ìwé pàápàá, èdè rẹ̀ le, wọ́n há ìdáhùn sórí nítorí ìdánwò, ó tán síbẹ̀. Mo fẹ́ ká jókòó tì í, ká tú u láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ kan àwa òbí àti alágbàtọ́ ju bó ṣe kan àwọn olólùfẹ́ lọ.

Irú eré wo ni?

Eré orí ìtàgé ni. William Shakespeare, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ ní nǹkan bí 1595, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1597. Ìlú Verona ní Ítálì ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe Shakespeare ló dá ìtàn ọ̀hún sílẹ̀ o. Àwọn ará Ítálì ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí i, Arthur Brooke sì ti fi ṣe ewì gígùn lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1562. Inú ewì yẹn ni Shakespeare ti mú un.

Trájẹ́dì ni wọ́n ń pe irú eré yìí. Kì í ṣe gbogbo eré tí èèyàn bá ti kú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní o dúró sórí òkè, ò ń wo mọ́tò méjì tó ń sáré bọ̀ ní kọ́nà kan náà. Ọ̀kan ò rí èkejì. Ìwọ rí àwọn méjèèjì, o sì rí gbogbo ibi tí wọ́n ti lè yà. O pariwo títí, ohùn rẹ ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí trájẹ́dì ń ṣe fún ẹni tó ń wò ó nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí Shakespeare ò fi pa òpin eré náà mọ́. Ìlà mẹ́rìnlá péré ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan jáde sójú ìtàgé, ó ní ìdílé ńlá méjì wà ní Verona tí wọ́n ń bára wọn jà, pé ọmọ kan látinú ilé yìí àti ọmọ kan látinú ilé yẹn máa fẹ́ràn ara wọn, pé wọ́n máa kú, àti pé ikú wọn nìkan ló máa parí ìjà àwọn òbí. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó ṣeré. Ohun tó kù tí ẹni tó ń wòran ń wò ni bí wọ́n ṣe máa rìn ín débẹ̀.

Kí ni Montague àti Capulet ń jà sí?

Ìdílé Romeo ni Montague. Ìdílé Juliet ni Capulet. Ẹ lè wá ohun tó fa ìjà wọn láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn, ẹ ò ní rí i. Ìkùnsínú àtijọ́ ni wọ́n kàn pè é. Escalus, tó jẹ́ ọba ìlú, sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìjà wọn ti da ìgboro rú, pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ bí afẹ́fẹ́, ló sì bí ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀. Agbolé méjì wà ládùúgbò tí wọn kì í jẹ oúnjẹ ara wọn. Bi ọmọdé ibẹ̀ ní ìdí, á ní bàbá òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Bi bàbá, á ní bàbá tòun náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́.

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an fi èyí hàn. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Capulet méjì ń rìn lọ ní títì, wọ́n rí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Montague lọ́ọ̀ọ́kán. Sampson, ọ̀kan nínú ti Capulet, fi àtàǹpàkò sẹ́nu, ó gé e jẹ sí wọn. Èébú ńlá nìyẹn níbẹ̀ nígbà náà, bí ìgbà tí ẹnì kan bá na ìka márààrún sí ọ lójú. Wọ́n bi í pé ṣé àwọn ló ń gé àtàǹpàkò jẹ sí. Sampson yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ṣé òfin á wà lẹ́yìn wa tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹnìkejì ní rárá. Sampson wá ké sókè: "Rárá o, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń gé e jẹ sí. Mo kàn ń gé àtàǹpàkò mi jẹ ni." Kò pẹ́ rárá tí idà fi jáde. Àwọn ará àdúgbò dà síta pẹ̀lú igi àti irin, wọ́n ń ṣépè fún ìdílé méjèèjì.

Capulet alára, bàbá àgbà, sáré jáde pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn lọ́rùn, ó ń kígbe pé kí wọ́n gbé idà gígùn òun wá. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè. Kí lẹ fẹ́ fi idà ṣe?"

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjà àárọ̀ yẹn, kò sí ibi tí Shakespeare ti fi hàn pé inú àwọn bàbá méjèèjì yìí ṣì ń ru. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, lẹ́yìn tí ọba ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá tún da ìlú rú, ẹ̀mí rẹ̀ ló máa fi dí i, Capulet ní òun ò rò pé ó ṣòro fún àwọn arúgbó bíi tàwọn láti pa àlàáfíà mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí Tybalt, ìbátan ìyàwó rẹ̀, dá Romeo mọ̀ níbi àríyá tó sì fẹ́ bá a jà, Capulet ló dá a dúró. Ó ní gbogbo Verona ló ń yin Romeo pé ọmọ gidi ni, pé gbogbo owó ìlú ò lè mú kóun fi àbùkù kàn án nínú ilé òun.

Ẹni tó lè sọ báyìí, kí ló ń dá a dúró tí kò lọ sí ojúlé kejì lọ kan ilẹ̀kùn? Nǹkan tó dùn mí jù nínú eré yìí nìyẹn. Ìjà náà ti rẹ àwọn tó ni ín. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ni.

Ọmọ ọdún mélòó ni Juliet?

Mẹ́tàlá. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje ló máa pé ọdún mẹ́rìnlá, ó sì ku bí ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó yẹ kó wà ní JSS 2 ni.

Nínú ewì Brooke, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Shakespeare ló mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí wọ́n ṣe ń fọ́mọ fọ́kọ láyé ìgbà yẹn nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí Shakespeare ń kọ̀wé, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ju ọmọ ogún ọdún lọ dáadáa kí wọ́n tó wọlé ọkọ. Etí àwọn tó wá wòran á ti ta sí i. Capulet náà mọ̀. Nígbà tí Paris, ọmọ ọlọ́lá kan tó jẹ́ ìbátan ọba, wá tọrọ Juliet, tó ní àwọn tí kò tó o ti di ìyá ọmọ, Capulet dá a lóhùn pé àwọn tó tètè di ìyá bẹ́ẹ̀, kíá ni wọ́n ń bàjẹ́. Ó ní kó dúró di ọdún méjì. Ó ní kó lọ bá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí àṣẹ tòun ò lè dá dúró láìsí ìfẹ́ ọkàn tirẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Shakespeare ò sọ iye ọdún Romeo. Ohun tó fi hàn wá ni pé ọ̀dọ́ ni, ọkàn rẹ̀ sì ń yára gbóná. Kì í ṣe Juliet ló kọ́kọ́ fẹ́ràn. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rosaline ló ń sunkún lé lórí, ìyẹn ò sì dá a lóhùn. Ọmọ ọ̀dọ̀ Capulet kan ló pàdé ní títì. Wọ́n fún ọmọ náà ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn àlejò àríyá sí, kò sì mọ̀wé kà. Romeo bá a kà á, ó rí orúkọ Rosaline nínú rẹ̀, ó pinnu pé òun náà máa lọ. Ó fi nǹkan bojú wọ ilé ọ̀tá. Ibẹ̀ ló ti rí Juliet. Wọ́n ti fẹnu ko ara wọn lẹ́nu kí ọ̀kan tó mọ orúkọ èkejì.

Ṣé Juliet ń wá Romeo ni?

Ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù nínú eré yìí ló ṣi èèyàn lọ́nà jù. Gbogbo ayé ló ti rí àwòrán náà: Juliet dúró lókè, ó nawọ́ jáde, ó ń pe Romeo, Romeo. Àwọn èèyàn rò pé "Níbo lo wà?" ló ń sọ.

Rárá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó lò, wherefore, kì í ṣe "níbo." "Nítorí kí ni" ni. Juliet ò mọ̀ pé Romeo wà nínú ọgbà nísàlẹ̀ tó ń gbọ́ òun. Òun àti ọkàn rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: "Romeo, Romeo, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìwọ ni Romeo? Kọ bàbá rẹ, sì kọ orúkọ rẹ." Nínú gbogbo ọmọkùnrin tó wà ní Verona, kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ Montague lọkàn òun lọ bá? Ọmọbìnrin tó ti fẹ́ràn ọmọ kan tán, tó wá gbọ́ orúkọ ìdílé rẹ̀, tó sì rántí pé ilé yẹn gan-an ni bàbá òun ní kí òun má tẹ̀ mọ́, ohun tó máa sọ nìyẹn.

Ó tún ní kí ló wà nínú orúkọ. Òdòdó róòsì, ẹ fún un lórúkọ mìíràn, òórùn rẹ̀ á ṣì máa dùn. Orúkọ kì í ṣe ọwọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀, kì í ṣe apá, kì í ṣe ojú. Àwa tá a máa ń sọ pé orúkọ ń ro ọmọ, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Romeo náà padà mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́, ó bi Fádà Laurence, àlùfáà tó so òun àti Juliet pọ̀, léèrè ibi tí orúkọ òun fara pamọ́ sí nínú ara òun, kí òun lè gé ibẹ̀ sọ nù.

(Lórí ibi tí Juliet dúró sí: fèrèsé ni. Ọ̀rọ̀ bákónì ò sí níbì kankan nínú eré náà. Bákónì tí àwọn èèyàn ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀ ní Verona lónìí, ọ̀rúndún ogún ni wọ́n fi kún ilé náà.)

Ọjọ́ mélòó ni gbogbo rẹ̀?

Nínú ewì Brooke, ọ̀pọ̀ oṣù ni. Shakespeare fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún.

Ọjọ́ Àìkú: ìjà ní títì láàárọ̀, àríyá lálẹ́, ọ̀rọ̀ ojú fèrèsé lóru. Ọjọ́ Ajé: Fádà Laurence so wọ́n pọ̀ níkọ̀kọ̀ ní ọ̀sán. Bóyá ni wákàtí kan fi kọjá tí Tybalt fi dá Romeo lọ́nà. Romeo ò fẹ́ jà, torí Tybalt ti di àna rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mercutio, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ìbátan ọba, rò pé ojo ló ń ṣe é, ló bá gba ìjà náà jà. Tybalt gún un. Mercutio kú pẹ̀lú èpè lẹ́nu, ó ṣẹ́ ẹ fún ilé méjèèjì. Inú bí Romeo, ó pa Tybalt. Ọba lé e kúrò nílùú lọ sí Mantua, ó ní wọ́n máa pa á bó bá padà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Romeo àti Juliet sùn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ àti ìyàwó, ó sì lọ ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Nísàlẹ̀ ilé náà, lóru ọjọ́ Ajé yẹn, Capulet àti Paris wà nídìí ọ̀rọ̀ mìíràn. Bàbá tó ní kí Paris dúró di ọdún méjì ní àná, ó ní, "Òní ọjọ́ kí ni?" Wọ́n ní ọjọ́ Ajé ni. Ó ní Ọjọ́rú ti yá jù. Kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ta ni Juliet ì bá sọ fún?

Ẹ jẹ́ ká dúró pẹ́ níbí. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ojú fèrèsé ni ọkàn eré yìí wà. Lójú tèmi, inú yàrá Juliet ni, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Romeo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni ìyá Juliet wọlé. Ó bá ọmọ nínú ẹkún, ó rò pé ikú Tybalt ló ń sun ún. Ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ní kó fọkàn balẹ̀, òun máa ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Mantua kó fún Romeo ní májèlé jẹ. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló ń ṣèlérí láti pa, ó sì rò pé òun ń tu ọmọ nínú ni. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ìròyìn ayọ̀ sílẹ̀: Ọjọ́bọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, ìwọ àti Paris.

Juliet ní òun ò ṣe. Bàbá wọlé, ó gbọ́, ó gbaná jẹ. Ó ní bí kò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun máa wọ́ ọ lọ. Juliet kúnlẹ̀: "Bàbá mi, mo bẹ̀ yín lórí ìkúnlẹ̀ mi. Ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu mi."

Ọ̀rọ̀ kan péré. Bàbá ní, "Má fọhùn. Má dá mi lóhùn. Ọwọ́ ń yún mi." Ó ní kó lọ máa tọrọ báárà, kí ebi pa á, kó kú sí títì, òun ò ní mọ̀ ọ́n lọ́mọ mọ́. Bẹ́ẹ̀, Juliet nìkan ló kù fún un. Òun alára ló sọ ọ́ fún Paris lọ́jọ́ Àìkú pé ilẹ̀ ti gbé gbogbo ìrètí òun mì, àfi ọmọ yìí.

Mi ò mọye ìgbà tí mo ti ro ohun tí ọ̀rọ̀ kan yẹn máa jẹ́. Ó lè jẹ́ "Mo ti lọ́kọ." Shakespeare ò kọ ọ́, torí bàbá ò jẹ́ kó jáde.

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ má ta mí nù. Ẹ bá mi sún un síwájú, oṣù kan, tàbí ọ̀sẹ̀ kan." Ìyá ní, "Má bá mi sọ̀rọ̀, mi ò ní fọhùn. Ṣe bó o ṣe fẹ́, mi ò bá ọ ṣe mọ́." Ó jáde.

Ó wá ku alágbàtọ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lè mọ bí ibí yìí ṣe rí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí obìnrin yìí jẹ́ sí i. Ó bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Susan, òun àti Juliet sì ni ẹgbẹ́. Susan kú. Juliet ló wá fún lọ́mú. Ó ku díẹ̀ kí Juliet pé ọmọ ọdún mẹ́ta ló tó já a lẹ́nu ọmú, obìnrin náà sì rántí ọjọ́ yẹn bí àná: ó jókòó sínú oòrùn lẹ́bàá ògiri ilé ẹyẹlé, ó fi ewé kíkorò kan pa orí ọmú, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ewúro pa á. Juliet tọ́ ọ wò, ó korò, ló bá ń bínú sí ọmú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ilẹ̀ mì. Àwọn òbí Juliet ò sí nílé, wọ́n wà ní Mantua. Obìnrin yìí ló wà níbẹ̀.

Òun náà ló ṣe alárinà láàárín Juliet àti Romeo, tó mọ̀ pé wọ́n ti ṣègbéyàwó, tó gbé àkàbà okùn wá kí Romeo lè gun òkè wọlé. Òun ni Juliet bi pé kí ni ṣíṣe.

Ó ní, "Fẹ́ Paris." Ó ní Romeo ti lọ, kò lè padà wá gbà ọ́. Paris ni ọkùnrin. Àkísà ìnuwọ́ ni Romeo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Juliet wò ó. "Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ti ọkàn yín wá?"

"Ti ọkàn mi, àti ti ẹ̀mí mi."

Juliet ní, "Àmín."

Obìnrin náà ò mọ ohun tó ṣe àmín sí. Juliet dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹ ti tù mí nínú púpọ̀, ó ní kó lọ sọ fún ìyá òun pé òun ń lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ Fádà Laurence. Nígbà tó jáde tán ni Juliet sọ ọ́ pé láti òní lọ, òun àti obìnrin yìí ò mọ inú ara mọ́. Láti ìgbà náà, kò sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn mọ́ títí tó fi kú.

Ó padà dé láti ọ̀dọ̀ Fádà, ó tún kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun máa ṣe ohun tí wọ́n wí. Irọ́ ni. Inú bàbá dùn débi pé ó fa ìgbéyàwó wá sí Ọjọ́rú. Ó ti rán wọn ní kí wọ́n wá ogún alásè. Ìkúnlẹ̀ méjì ni ọmọ yìí kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tó fẹ́ fi sọ òótọ́ ni wọ́n kọ̀.

Fádà Laurence ni àgbà kan ṣoṣo tó mọ gbogbo rẹ̀ tí kò yí padà. Èrò rẹ̀ dára láti ìbẹ̀rẹ̀: ó rò pé tí òun bá so àwọn ọmọ yìí pọ̀, ìjà ilé méjèèjì máa di ìfẹ́. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbé lọ bá àwọn bàbá méjèèjì, inú ìgò kékeré ló dì í sí: oògùn tí Juliet máa mu, tí á sùn bí òkú fún wákàtí méjìlélógójì. Wọ́n á gbé e lọ sí ibojì ìdílé. Òun á kọ̀wé sí Romeo ní Mantua. Romeo á wá mú un lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá dá mu oògùn náà lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀rù pé òun lè jí láàárín egungun àwọn baba ńlá òun kí Romeo tó dé.

Kí ló dé tí lẹ́tà náà ò fi dé?

Kónílé-ó-gbélé ni. Ẹni tó bá rántí ọdún 2020 á yé.

Fádà John ni wọ́n fi lẹ́tà náà rán. Ó kọ́kọ́ lọ wá fádà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bẹ àwọn aláìsàn wò, kí wọ́n lè jọ rìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tó ń wá ilé tí àjàkálẹ̀ àrùn wà fura sí ilé tí wọ́n wà, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa mọ́ wọn. Ẹ̀rù àrùn náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà láti bá a mú lẹ́tà lọ, tàbí kó dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí àwọn tó ń wòran ní Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín 1592 sí 1594, àjàkálẹ̀ àrùn mú kí wọ́n ti àwọn ilé ìṣeré ìlú náà fún ìgbà pípẹ́.

Ìròyìn burúkú kọ́kọ́ dé Mantua. Balthasar, ọmọ ọ̀dọ̀ Romeo, rí i tí wọ́n gbé Juliet wọ ibojì, ó sáré wá sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Romeo bi í pé ṣé kò mú lẹ́tà kankan wá láti ọ̀dọ̀ Fádà. Ó ní rárá. Romeo lọ bá apoògùn kan tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú, ó kó owó wúrà ogójì fún un, ó ra májèlé. Òfin Mantua ni pé ẹni tó bá tà á máa kú. Ọkùnrin náà ní òṣì òun ló gbà á, kì í ṣe ọkàn òun.

Ní ibojì, Romeo bá Paris, ó pa á. Ó wo Juliet, ó rí i pé ojú rẹ̀ ṣì ń dán, ètè rẹ̀ ṣì pọ́n, kò sì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ó mu májèlé. Fádà dé nígbà tí ó ti pẹ́ díẹ̀. Juliet jí, Fádà ní kó jẹ́ káwọn lọ, pé òun máa fi sọ́dọ̀ àwọn obìnrin àjẹ́jẹ̀ẹ́ kan. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọlọ́dẹ, ó sá. Àgbà tó kù fún un nìyẹn. Juliet fẹnu ko Romeo lẹ́nu, ètè rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó mú ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀.

Ṣé àyànmọ́ wọn ni?

Àwọn kan máa sọ pé bó ṣe wà nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ pè wọ́n ní olólùfẹ́ tí ìràwọ̀ wọn ò bára mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ọ̀pọ̀ gbà pé ìràwọ̀ ló ń darí ayé èèyàn, bí àwa ṣe ń sọ̀rọ̀ orí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Shakespeare ṣe sí ọ̀rọ̀ Brooke. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ewì tirẹ̀, Brooke di ẹ̀bi ru àwọn ọmọ: wọ́n jẹ́ kí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ mú wọn, wọn ò fetí sí àṣẹ òbí. Shakespeare yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò pátápátá. Nínú ìlà mẹ́rìnlá tirẹ̀, ìjà àwọn òbí ló dárúkọ, ìbínú àwọn òbí ló tún dárúkọ. Ìyípadà yìí ló jẹ́ kí n gbà pé ẹ̀yìn àwọn ọmọ ló wà.

Ṣé ìjà náà parí?

Ó parí. Òkú mẹ́fà ló náni: Mercutio, Tybalt, Paris, Romeo, Juliet, àti ìyá Romeo, tí ìbànújẹ́ lílé tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ pa lóru ọjọ́ náà gan-an. Níwájú ibojì, ọba ní kí Capulet àti Montague wá wo ohun tí ìkórìíra wọn dá sílẹ̀. Ó ní òun náà fara gbá, torí òun di ojú sí i, òun sì pàdánù ìbátan méjì.

Capulet pe Montague ní arákùnrin, ó ní kó na ọwọ́ sí òun, pé ọwọ́ yẹn nìkan ni owó orí tí òun fẹ́ gbà lórí ọmọ òun. Montague ní òun lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: òun máa fi ògidì wúrà gbẹ́ ère Juliet. Capulet ní ère Romeo máa níye lórí tó bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló sì máa wà.

Montague ò bá Juliet sọ̀rọ̀ rí nínú eré yẹn, kò sí ìgbà kankan. Capulet ò sì mọ̀ pé òun ní àna títí àwọn ọlọ́dẹ fi wá jí i lójú oorun pé kó wá wo òkú.